Ọ̀gá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fi Rẹ́rìn-ín

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, kí n ròyìn Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ fún yín. Bí mo ṣe pè é ní Ọ̀gbẹ́ni lásán yìí, mo ti dẹ́ṣẹ̀ ná. Ní ilé-ìwé girama tó ń ṣe olórí rẹ̀, ní Igbó-Elérin, ní àdúgbò kan tó yà kúrò ní títì Badagry, kò sí ẹni tó jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Orúkọ rẹ̀, bó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pè é, ni Alàgbà Olóyè Ọ̀mọ̀wé Akínṣọlá Ògúnlẹ́yẹ, Òpómúléró Ẹ̀kọ́, Àtùpà Ojo, Bàbá Ìsàlẹ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú ẹ̀ yóò padà sẹ́yìn, yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí Alàgbà. Ní ti Ọ̀mọ̀wé yẹn, ẹ má bi mí léèrè ibi tó ti rí i, àwọn kan ní orí fóònù ni. Ní ti Olóyè, a ò tíì rí ọba tó rántí pé òun fi í joyè.

Láràárọ̀, tí àwọn ọmọ bá ti tò sórí ìlà, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá kì í ṣí títí igbákejì rẹ̀ yóò fi ka gbogbo oyè náà tán lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Dàpọ̀ ni igbákejì yìí ń jẹ́, ọkùnrin tínínrín kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ nítorí ìtẹríba. Iṣẹ́ ìpọ́nni mọ́ ọn lára. Bí ọ̀gá bá sín, Dàpọ̀ á ní ìbùkún ti wọ ilé-ìwé. Bí ọ̀gá bá ní oòrùn mú jù, Dàpọ̀ á bojú wòkè pẹ̀lú ìbínú, á ní oòrùn yìí kò mọ ẹni tó ń ràn lé lórí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá yóò jáde, yóò gbé agbádá sí èjìká ọ̀tún, yóò gbé e sí ti òsì, yóò wúkọ́, yóò sì sọ̀rọ̀.

"Ní ìbámu pẹ̀lú ètò, ìlànà, ìgbékalẹ̀ àti ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ẹ̀kọ́," á ní, "mo pa á láṣẹ pé kí òwúrọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀."

Òwúrọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti dúró láti bí wákàtí kan á ṣubú lu ara wọn lọ sí kíláàsì.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Ògúnlẹ́yẹ. Ọ̀gá Àgbà tó ń bójú tó gbogbo ilé-ìwé girama agbègbè Ojo ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ipò náà sì ń wù ú débi pé kì í jẹun tán mọ́. Ó ti ra fìlà tí yóò dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á lé e lọ́wọ́. Ó ti yan ara ògiri tí wọn yóò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ kan tó lọ sí ọ́fíìsì náà tí kò bá ẹnikẹ́ni, ó jókòó sórí àga Ọ̀gá Àgbà wò, ó sì rí i pé ó gba ìdí òun dáadáa.

Nǹkan mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ tètè sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi pamọ́. Ìjọba gbé tánkì omi ńlá kan fún ilé-ìwé yìí, èyí tó ga ju ènìyàn lọ. Tánkì náà kò sun oorun kan ní Igbó-Elérin. Ògúnlẹ́yẹ ní àwọn ọmọ ìta lè jí i gbé, ó ní ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ síbi tó láàbò. Nígbà tó wo gbogbo agbègbè náà yíká, kò rí ibi tó láàbò tó ẹ̀yìn ilé tó kọ́ sí Iba, tó fi ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sílé. Ibẹ̀ ni tánkì wà lórí òpó irin, tí àwọn ayálégbé ń fi omi rẹ̀ wẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ girama ń gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá títì lọ pọn omi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ju òun àti awakọ̀ tó gbé e lọ, awakọ̀ náà sì ti kó lọ sí Ṣàgámù.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀gá ń rìn lọ lẹ́yìn kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, ló bá gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ńlá ni, irú èyí tó ń mú ènìyàn gbá tábìlì. Inú kíláàsì bàólójì ló ti ń wá, níbi tí Ìyáàfin Ràṣídátù Oyèkànmí ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àìsàn màléríà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn obìnrin yìí, Àńtí Ràṣídá ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí kì í fi ìtàn kọ́ni. Ògúnlẹ́yẹ fara ti ògiri, ó tẹ́tí.

Àńtí Ràṣídá ń sọ bí kòkòrò màléríà ṣe gun ẹ̀fọn bí ẹni gun ọ̀kadà, tí ẹ̀fọn já a sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò yìí kò dúró ní títì, ilé ẹ̀dọ̀ ló lọ tààrà, ó ní òun ń wá yàrá. Ẹ̀dọ̀ ni onílé. Ó jókòó síwájú ilé, ó dé fìlà, inú rẹ̀ sì dùn nítorí pé àlejò náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí i. Kò béèrè ibi tó ti ń bọ̀, kò béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àlejò ní, "Èmi nìkan ni, Bàbá, mi ò ní ariwo." Lóòótọ́ kò pariwo. Àmọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bí, ó ń bí, títí yàrá kan fi kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, wọ́n wó ògiri, wọ́n dà sí títì, wọ́n ya lu àwọn tánkì pupa kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Wọ́n ń kó sínú tánkì, wọ́n ń bẹ́ ẹ. Bí tánkì ṣe ń bẹ́ ni ara ń gbọ̀n, tí orí ń fọ́. Bàbá Onílé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ń béèrè ta ló ń wó ilé òun láìkọ́kọ́ kí òun.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ jí i lójú oorun, yóò sọ ọ̀nà tí màléríà ń gbà wọ ara fún yín.

Àmọ́ ohun mẹ́ta péré ló wọ etí Ògúnlẹ́yẹ: onílé, fìlà, tánkì. Ẹni tó bá ní egbò nídìí ni kì í fẹ́ jókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó pe obìnrin náà sí ọ́fíìsì kíákíá.

"Ìyáàfin Oyèkànmí, ta ni onílé yẹn?"

"Ẹ̀dọ̀ ni, sà."

"Ẹ̀dọ̀ ta?"

"Ẹ̀dọ̀ gbogbo wa ni, sà."

Ògúnlẹ́yẹ wò ó títí bí ẹni ń wo olè tó mọ òfin. Ó ní obìnrin yìí gbọ́n, ó gbọ́n jù, ó sì yẹ kí wọ́n gbé ọgbọ́n náà síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti yọ Àńtí Ràṣídá kúrò ní kíláàsì, wọ́n sì fi í ṣe Alábòójútó Àgbà fún Àwọn Àga Tó Ti Kán, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó sọ fún un pé bó bá tún pa ìtàn kan ṣoṣo, Ẹ̀pẹ́ ni yóò ti máa kọ́ni. Ìyá arúgbó kan wà lọ́rùn obìnrin náà ní Okokomaiko. Ó lọ jókòó ti àwọn àga rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Òfin Ẹ̀rín jáde. Láti ìgbà tí aago bá lù títí dìgbà tí wọ́n bá jáde, ẹ̀rín di èèwọ̀. Ọmọ tí ẹ̀rín bá gbé gbọ́dọ̀ nawọ́ sókè, kó gba àyè, kó lọ sí ọ́fíìsì igbákejì, kó rín in níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu pípadé, kó sì padà. Ìtàn pípa náà di èèwọ̀. Ọ̀gá fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní àwọn baba wa kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń ní kí ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rántí pé òun ní baba.

Ògúnlẹ́yẹ fúnra rẹ̀ gba kíláàsì bàólójì. Ó ń ka ìwé sí àwọn ọmọ létí láti òkè délẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń sùn pẹ̀lú ojú lílà. Ilé-ìwé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Inú ọ̀gá dùn, ó ní ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olódùmarè. Ìgbìmọ̀ tí yóò yan Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ láti Ìkẹjà pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní lọ́dún yìí, ohun tí àwọn fẹ́ wò ni bí ilé-ìwé ṣe ń lo ẹ̀fẹ̀, ọgbọ́n àtinúdá àti ìtàn láti fi kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ń wá ipò náà gbọ́dọ̀ kọ́ni fúnra rẹ̀ lójú àwọn, kí àwọn sì rí i pé àwọn ọmọ gbádùn ẹ̀kọ́ náà.

Dàpọ̀ ló ka ọ̀rọ̀ yìí sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, òtítọ́ ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu igbákejì.

"Sà, ṣé ká kúkú pe Àńtí Ràṣídá padà?"

Ògúnlẹ́yẹ yí ojú sí i. "Èmi? Èmi Òpómúléró? Kí n lọ tọrọ ẹ̀rín lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣọ́ àga?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, sà. Atẹ́gùn ni."

Bí ẹ̀rín ṣe di dandan nìyẹn. Òfin Ẹ̀rín Kejì jáde, ó ní gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín yóò gbá gbogbo ọgbà. Ní ọ̀sán, dípò eré ìdárayá, wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ sí gbọ̀ngàn láti kọ́ ẹ̀rín. Ọ̀gá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: Ẹ̀rín Ìbẹ̀rẹ̀, tí eyín kò ní hàn, Ẹ̀rín Àárín, tí èjìká yóò máa mì, àti Ẹ̀rín Àṣeyọrí, tí wọn yóò fi dì mọ́ra. Nítorí pé wọn kò mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fún wọn ní àmì. Bó bá ti fa aṣọ ìnujú funfun rẹ̀ yọ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi nu ojú, kí èjìká máa mì. Bó bá jù ú sókè, ó di Ẹ̀rín Àṣeyọrí. Dàpọ̀ yóò dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, yóò máa fi rúlà lu igbá láti fi darí wọn.

Ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́ jọ ìgbà tí òtútù mú agbo ewúrẹ́. Ọmọ kan gbọ́ ọ, ẹ̀rín gidi pa á, ó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ nítorí pé ó rẹ́rìn-ín láìsí àmì.

Ó ku ìtàn tí ọ̀gá yóò sọ. Ó wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí ìtàn kankan níbẹ̀ àfi ti ìgbésí ayé rẹ̀. Níkẹyìn ó mú ìtàn Àńtí Ràṣídá, ó ní òun yóò tún un ṣe. Ibi tó ti bà á jẹ́ nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé inú rẹ̀ kò gbà kí wọ́n tan onílé jẹ. Gbogbo ìgbà tó bá dé ibi tí kòkòrò ti ń wọ yàrá, ara rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Ó sọ ẹ̀dọ̀ di olóyè, ó fún un ní awò ojú, ó kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí gígùn kan fún un. Kòkòrò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì gun ẹ̀fọn padà sí Badagry. Nígbà tí Ògúnlẹ́yẹ ka èyí tán fún Dàpọ̀, omijé bọ́ lójú Dàpọ̀. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ẹ̀dọ̀ tó gbọ́n báyìí rí.

Ọjọ́ pé, ìgbìmọ̀ dé. Ìyáàfin Adéjọkẹ́ ni olórí wọn, obìnrin kan tó sanra, tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kì í sì í yára gbójú kúrò lára ohun tó bá ń wò. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ó pọ̀ débi pé àga kò tó, wọ́n ní kí Àńtí Ràṣídá máa gbé èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì dúró wá láti inú yàrá rẹ̀. Dàpọ̀ ka oyè ọ̀gá títí ọ̀kan nínú àwọn àlejò fi wo aago.

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, Ìyáàfin Adéjọkẹ́ dìde. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ àwọn, olùkọ́ àgbà kan tó ti kọ́ni títí irun rẹ̀ fi funfun, jáde láyé lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi ìsìnkú rẹ̀ bọ̀ ni. Ó bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n dìde, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Gbogbo ènìyàn dìde. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ògúnlẹ́yẹ, ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀ ju òun lọ, tẹ orí ba, ó mí ìmí ẹ̀dùn, ó sì fa aṣọ ìnujú funfun rẹ̀ yọ.

Ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ìbẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n ṣe é dáadáa, eyín ọmọ kankan kò hàn. Jìnnìjìnnì bo ọ̀gá, òógùn bò ó, ó sì fi aṣọ náà nu ojú. Èjìká gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ìnujú ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákun dákẹ́, Dàpọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn sì rí aṣọ funfun lókè, ó ní àkókò ti tó, ó da rúlà bo igbá. Ẹ̀rín Àṣeyọrí mì gbogbo ilé náà. Àwọn ọmọ dì mọ́ra, àwọn kan tilẹ̀ yí gbirigbiri nílẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ gbá ọgbà.

Nígbà tó rọlẹ̀, Ìyáàfin Adéjọkẹ́ ṣì dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà.

"Ọ̀gá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣọ̀fọ̀ níhìn-ín?"

Ògúnlẹ́yẹ ní ìlànà ìtùnú ìgbàlódé ni, pé àwọn ń fi ayọ̀ sin olóògbé dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run ní ìbámu pẹ̀lú ètò. Obìnrin náà jókòó. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Ògúnlẹ́yẹ jù.

Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ti ki aṣọ ìnujú náà bọ ìsàlẹ̀ àpò, kò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, òógùn sì ń ro sí i lójú. Nígbà tí kò sí àmì, kò sí ẹ̀rín. Ó sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wọ awò ojú, gbọ̀ngàn ń wò ó. Ó ka ọ̀rọ̀ ìwúrí ẹ̀dọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tòògbé. Kòkòrò tọrọ àforíjì, ó padà sí Badagry. Ó parí.

"Ẹ ṣeun," ni Ìyáàfin Adéjọkẹ́ wí. "Bí kòkòrò bá ti padà, kí ló wá ń mú wa ṣàìsàn?"

Ògúnlẹ́yẹ ronú. Ó ní, "Àìgbọràn ni, mà."

Obìnrin náà yí sí àwọn ọmọ, ó ní ta ló lè ṣàlàyé bí màléríà ṣe ń mú ènìyàn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwadára dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé bí Ọ̀gá ṣe sọ ọ́ ni kí n sọ, àbí bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀?"

Ìyáàfin Adéjọkẹ́ ní kó sọ ọ́ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Olúwadára bẹ̀rẹ̀. Ó mú ẹ̀fọn gba títì, ó já kòkòrò sílẹ̀, ó fi í dọ̀bálẹ̀ fún onílé. Nígbà tó dé ibi tí yàrá ti kún, ó fi ohùn àwọn ọmọ kòkòrò tó ń jà lórí ibùsùn sí i, èyí tí Àńtí Ràṣídá kò sọ rí, inú ara rẹ̀ ló ti mú un jáde. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó rìn lọ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ju aṣọ kankan sókè. Ọmọ mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ti àwọn tánkì pupa tó ń bẹ́, ìdí tí ara fi ń gbọ̀n, ìdí tí ojú aláìsàn fi ń funfun. Ó péye, kò fo ibì kankan. Nígbà tí Bàbá Onílé wá ń tún fìlà rẹ̀ ṣe láàárín ilé tó ti wó, Ìyáàfin Adéjọkẹ́ tó ń ti ibi òkú bọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Àńtí Ràṣídá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga kan lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kó gbé e wọlé tàbí kó sá.

Bí ọ̀gá bá ti dákẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyà rẹ̀ kì bá tó nǹkan. Ipò náà ì bá bọ́, yóò sì máa bá oyè rẹ̀ lọ ní Igbó-Elérin. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ń gún un lára. Gbogbo ẹnu tó là nínú gbọ̀ngàn náà, òun ló rò pé ó là sí. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ, mà. Èmi ni wọ́n ń bú láti ọjọ́ yìí. Èmi ni onílé yẹn. Fìlà yẹn, fìlà mi ni. Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Tánkì tí wọ́n ń fọgbọ́n pè ní tánkì pupa yẹn, tánkì ilé-ìwé yìí tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Iba ni wọ́n ń sọ."

Ẹ̀rọ náà gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu géètì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Adéjọkẹ́ rọra nu ojú rẹ̀.

"Tánkì wo?" ló béèrè.

Ìgbà yẹn ni Ògúnlẹ́yẹ tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ó wo Dàpọ̀, bí ẹni tó ń rì ṣe ń wo etí odò. Dàpọ̀ na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ó sì dúró ṣánṣán. Ó ní, "Mo ti ń fura, mà. Ẹnu kàn ń kọ̀ mí ni."

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kò ní fi ìwádìí dá yín lágara. Wọ́n lọ sí Iba, wọ́n bá tánkì lórí òpó, orúkọ ilé-ìwé ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e padà gba títì, àwọn ọmọ sì sá tẹ̀ lé e láti ojú ọ̀nà wọ ọgbà. Àńtí Ràṣídá padà sí kíláàsì rẹ̀. Dàpọ̀ lọ bá a níbẹ̀, ó ń pè é ní Òpómúléró Obìnrin, obìnrin náà sì ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun kó àwọn àga tó ti kán dà sẹ́yìn ọgbà. Ipò Ọ̀gá Àgbà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ti Ògúnlẹ́yẹ, wọ́n bọ́ ipò ọ̀gá lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Okokomaiko, kó máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ọmọ ìlú rere. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ kéékèèké yìí kò mọ Àtùpà Ojo. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní ìbámu pẹ̀lú ètò, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ju bébà lu ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ní àwọn ọ̀sán kan, á máa wò wọ́n, ìbànújẹ́ á sì bò ó, nítorí pé ó ti kọ́ni láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì rántí ọmọ kan ṣoṣo tó fetí sí òun rí láìjẹ́ pé ó bẹ̀rù.

Ó pàdé Àńtí Ràṣídá ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìyẹn ń lọ wo ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ògúnlẹ́yẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì béèrè ohun tó ti fẹ́ béèrè láti ọjọ́ tó ti ń fetí sí i lẹ́yìn fèrèsé, pé báwo ló ṣe ń ṣe é tí wọ́n fi ń gbọ́.

"Ṣé kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, sà?"

Ó ní kó sọ ọ́.

"Ìtàn tiyín kò dùn, sà, torí pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́n jù yín lọ nínú ẹ̀. Ọmọdé kì í dúró ti irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ díẹ̀."

Ọkọ̀ dé, Àńtí Ràṣídá wọ̀ ọ́ lọ. Inú bí Ògúnlẹ́yẹ, ó rìn lọ, ó rìn padà, inú tún bí i.

Lọ́jọ́ kejì, ohun tó kàn nínú ìwé ẹ̀kọ́ ni ohun-ìní gbogbogbò. Bébà ti ń fò nínú kíláàsì. Ògúnlẹ́yẹ pa ìwé náà dé, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Ọkùnrin kan wà ní Iba, ó jí tánkì omi àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé."

Bébà dúró. Ọmọkùnrin kan níwájú nawọ́ sókè, ó ní, "Kí lorúkọ ọkùnrin náà, sà?"

Ọ̀gá àná la ẹnu. Gbogbo ayé rẹ̀, kò sí ìgbà tí wọ́n béèrè orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi odidi ìṣẹ́jú kan ka oyè rẹ̀. Ó wo ojú àwọn ọmọ náà, gbogbo wọn ń dúró dè é.

"Ògúnlẹ́yẹ ni," ló wí.

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo pátákó, níbi tí ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sí láti òwúrọ̀. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu, kò bò ó tán, ẹ̀rín sì tú káàkiri kíláàsì. Ògúnlẹ́yẹ dúró dè wọ́n títí wọ́n fi rín in tán, ó jókòó sétí tábìlì, ó sì ń sọ fún wọn bí ọkùnrin náà ṣe gbé tánkì gba títì kọjá.